Abúlé Meymand ní Ilẹ̀ Ìránì: Ibo Ló Wà, Èèyàn Mélòó Ló Ń Gbé Ibẹ̀?

Gbólóhùn méjì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣàlàyé abúlé yìí: abúlé kan ni ní ìpínlẹ̀ Kerman ní Ìránì, èèyàn 673 ni wọ́n sì kà níbẹ̀ lọ́dún 2006. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró síbẹ̀ kò tíì mọ Meymand, nítorí àwọn ará ibẹ̀ kì í gbé ojú kan láti ọdún dé ọdún. Ibùgbé mẹ́ta ni wọ́n ní, àsìkò ló sì ń sọ èyí tí wọ́n máa sùn sí. Kí èèyàn tó béèrè ibi tí wọ́n wà, ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ oṣù tó ní lọ́kàn. Ohun tó mú mi kó àwọn ìbéèrè yìí jọ nìyẹn.

Ibo gan-an ni Meymand wà?

Gúúsù ìlà-oòrùn Ìránì ni, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kerman. Ẹni tó bá gbéra ní Tehran, olú-ìlú wọn, á rin nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà kó tó dé ìlú Kerman. Láti Kerman, á kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, á tún rin ohun tó lé ní 200 kìlómítà kó tó dé Shahr-e Babak, ìlú tí àwọn abúlé agbègbè náà ń ná ọjà rẹ̀. Ó wá ku nǹkan bí 35 kìlómítà sí àríwá ìlà-oòrùn kó tó dé Meymand, níbi tí àfonífojì kan parí sí láàárín àwọn òkè. Ẹni tó ń wo máàpù lè wá ibi tí ìlà 30 ti àríwá àti ìlà 55 ti ìlà-oòrùn ti pàdé, kó sì wo àyíká rẹ̀.

Abúlé náà ga tó nǹkan bí 2,200 mítà sókè ìtẹ́jú òkun. Chappal Waddi, òkè tó ga jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà, 2,419 mítà ni. Ìyẹn ni pé ibi tí àwọn ará Meymand ti ń dáná oúnjẹ àárọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó téńté òkè tó ga jù lórílẹ̀-èdè wa. Ìdí nìyí tí òtútù fi ń mú níbẹ̀ gan-an lásìkò òtútù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ gbígbẹ tó súnmọ́ aṣálẹ̀ ni.

Mo ń rí “ostan”, “shahrestan”, “bakhsh” àti “dehestan” nínú àdírẹ́sì rẹ̀. Kí ni gbogbo wọn?

Bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ wọn nìyẹn, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ostan ni ìpínlẹ̀. 31 ni wọ́n, Kerman sì wà lára àwọn tó fẹ̀ jù. Ostan kọ̀ọ̀kan pín sí shahrestan, shahrestan pín sí bakhsh, inú bakhsh la ti ń rí dehestan, ìyẹn àkójọ àwọn abúlé tó wà nítòsí ara wọn. Abúlé fúnra rẹ̀ ni deh, tàbí rusta. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń júwe Meymand láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni pé: abúlé Meymand, ní dehestan Meymand, ní bakhsh Àárín, ní shahrestan Shahr-e Babak, ní ostan Kerman.

Ẹ kíyè sí i pé orúkọ kan náà ni abúlé àti dehestan ń jẹ́. Bí ẹ bá rí iye èèyàn tó pọ̀ ju ti abúlé lọ fíìfíì, ẹ wò ó dáadáa, ó lè jẹ́ pé gbogbo abúlé inú dehestan náà ni wọ́n kà pọ̀. Mo ti rí i tí wọ́n gbé ọ̀kan lé orí èkejì.

Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1983 ló sọ ohun tó ń jẹ́ abúlé: ó kéré tán, ìdílé 20 tàbí èèyàn 100 gbọ́dọ̀ máa gbé ibẹ̀. Àwọn ará abúlé máa ń dìbò yan ìgbìmọ̀ wọn, ìgbìmọ̀ yìí ló sì ń mú ẹni tí wọ́n ń pè ní dehyar, tó ń bójú tó ọ̀nà, ìmọ́tótó àti àwọn iṣẹ́ abúlé. Ẹ má fi dehyar wé baálẹ̀ tiwa. Wọ́n ń bí baálẹ̀ sínú ìdílé oyè ni. Iṣẹ́ ni wọ́n gba dehyar sí, ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń pé.

Èèyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀?

Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 673 ni wọ́n kà, nínú ìdílé 181. Tí ẹ bá pín in, kò tó èèyàn mẹ́rin nínú ìdílé kan. Nínú ìwé tiwọn, ọdún 1385 lẹ máa rí, kì í ṣe 2006, nítorí kàlẹ́ńdà oòrùn ti Ìránì ni wọ́n ń lò, èyí tí ọdún tuntun rẹ̀, Nowruz, máa ń bọ́ sí nǹkan bí ogúnjọ́ tàbí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹta.

Oṣù Aban ni wọ́n ṣe ìkànìyàn náà, ìyẹn láàárín ìparí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá. Oṣù yẹn ṣe pàtàkì. Ìgbà ìwọ́wé ni, tí àwọn ará Meymand ń kúrò nínú ọgbà wọn, tí wọ́n ń padà sínú ilé àpáta, ìyẹn ilé tí wọ́n gbẹ́ sínú ẹ̀gbẹ́ òkè, kí òtútù tó wọlé. Ibi tí ìdílé ń gbé gan-an ni wọ́n máa ń kà á sí, yálà wọ́n bá a nílé lọ́jọ́ yẹn tàbí wọn ò bá a. Nítorí náà, 673 kì í ṣe iye orí téèyàn máa bá nínú àpáta ní ọjọ́ èyíkéyìí. Iye àwọn tó ń pe Meymand ní ilé ni.

Ọdún 2006 kan náà ni wọ́n ka àwa náà ní Nàìjíríà, ní oṣù Kẹta. Ṣé ẹ rántí bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe kó ẹrù ní Èkó tí wọ́n gba ìlú wọn lọ, kí wọ́n lè kà wọ́n mọ́ àwọn èèyàn wọn? Ẹni tó bá rántí ọjọ́ yẹn mọ̀ pé “níbo lò ń gbé?” kì í ṣe ìbéèrè kékeré.

Kí ló dé tí àwọn tó lọ ṣe àbẹ̀wò fi ń sọ pé àwọn ò rí ju èèyàn díẹ̀ lọ?

Nítorí pé àsìkò ooru, tí ọ̀nà dára, ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń lọ, nígbà tí àwọn onílé wà lọ́dọ̀ ẹran àti nínú ọgbà. Àwọn àgbàlagbà díẹ̀ ló máa ń kù lábúlé. Ohun kejì ni pé àwọn ọ̀dọ́ ti lọ wáṣẹ́ ní Shahr-e Babak àti ní Kerman. Agbègbè náà ní kọ́pà púpọ̀ nínú ilẹ̀. Ibi ìwakùsà Miduk kò jìnnà rárá, owó oṣù ibẹ̀ sì dájú ju owó ewúrẹ́ lọ.

Gbogbo Ìránì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìkànìyàn gbogbo orílẹ̀-èdè wọn àkọ́kọ́ lọ́dún 1956, nǹkan bí èèyàn mílíọ̀nù 19 ni wọ́n, nínú èèyàn 100, nǹkan bí 69 ló sì ń gbé abúlé. Lọ́dún 2016, wọ́n ti di nǹkan bí mílíọ̀nù 80, àmọ́ àwọn ará abúlé ti dín kù sí 26 nínú 100.

Ẹ sọ pé ibùgbé mẹ́ta ni wọ́n ní. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ èyí, nítorí òun gan-an ni Meymand.

Nígbà tí òtútù bá ń parí lọ, wọ́n á kó àgùntàn àti ewúrẹ́ wọn jáde lọ sí pápá tó wà lápá gúúsù, níbi tí koríko tuntun ti kọ́kọ́ ń yọ. Sar-e Aghol ni wọ́n ń pe ibùdó ibẹ̀. Aghol ni ọgbà tí wọ́n ń kó ẹran sí. Títí ìgbà ìrúwé á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni wọ́n máa wà níbẹ̀. Oríṣi ilé méjì ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀. Markhaneh ni ilé róbótó tí wọ́n rì sínú ilẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa gbé e. Mashkdan ni ilé wàrà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń lo mashk, àpò awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ń da wàrà kíkan sí, tí wọ́n so rọ̀, tí wọ́n á máa mì títí bọ́tà á fi léfòó. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú wàrà náà, wọ́n á sè é, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a sínú oòrùn títí á fi le bí òkúta. Kashk nìyẹn. Ẹni tó bá mọ bí ìyá Fúlàní ṣe ń fi igbá ṣe wàrà á mọ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀, bí ohun èlò wọn tilẹ̀ yàtọ̀.

Tí ooru bá dé, wọ́n á ṣí lọ sí Sar-e Bagh. Bagh ni ọgbà igi eléso. Etí àwọn odò tó ń ṣàn lásìkò kan ní ọdún ni àwọn ọgbà yìí wà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú álímọ́ńdì, àwọn igi eléso mìíràn àti ebè ẹ̀fọ́ kéékèèké. Níbi tí ooru ti ń mú, ilé fúyẹ́fúyẹ́ ni wọ́n ń kọ́: òkúta tí wọ́n tò léra láìfi amọ̀ lẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, igi lókè, koríko lórùlé. Níbi tó ga tó sì tutù, wọ́n á jẹ́ kí ògiri nípọn, wọ́n á sì fi òrùlé títẹ̀ bo orí rẹ̀.

Tí ìgbà ìwọ́wé bá ti ń jìnnà, tí afẹ́fẹ́ òkè bẹ̀rẹ̀ sí í gún ara, wọ́n á padà sí àfonífojì, sínú ilé àpáta. Ibẹ̀ ni òtútù á ti bá wọn, tí yóò sì fi wọ́n sílẹ̀.

Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu púpọ̀. Bàbá àgbẹ̀ tó ní agbo ilé n'Íbàdàn, tó sì ń lo oṣù mélòó kan ní abà, kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé ará oko lásán lòun. Ilé ń bẹ nílùú, ahéré ń bẹ lóko, ọ̀kan náà ni onílé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni pé tiwa máa ń lọ máa ń bọ̀ nítorí iṣẹ́ àti ọdún. Ní Meymand, ilé gan-an ni wọ́n ń tì, gbogbo agbo ilé á sì ṣí kúrò.

Báwo ni ilé àpáta náà ṣe rí?

Kicheh ni wọ́n ń pe ilé kan. Wọn kì í kọ́ ọ, gbígbẹ́ ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Àpáta ibẹ̀ rọ̀ tó béèyàn á ṣe fi irin ọwọ́ gbẹ́ ẹ, ó sì le tó béèyàn á ṣe sùn sábẹ́ rẹ̀ láìbẹ̀rù. Kamar ni wọ́n ń pe irú àpáta yìí. Wọ́n gbẹ́ ilé wọnú ẹ̀gbẹ́ òkè ní ìpele-ìpele, níbòmíràn ó tó ìpele márùn-ún, òrùlé ti ìsàlẹ̀ sì wá di ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ti òkè. Kicheh kan lè ní yàrá kan, ó sì lè ní tó méje. Wọ́n ń sùn nínú òmíràn, wọ́n ń kó ẹrù sí òmíràn. Nígbà tí wọ́n ka àwọn kicheh, nǹkan bí 400 ni wọ́n rí, 123 nínú wọn sì ṣì pé pérépéré.

Ẹ̀nu ọ̀nà nìkan ni ìmọ́lẹ̀ máa ń gbà wọlé. Inú yàrá ni wọ́n ń dáná sí, èéfín ọjọ́ pípẹ́ sì ti kun ògiri àti àjà dúdú kirikiri. Ojú àlejò lè máa rí i bí ìdọ̀tí. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ fún onílé: ìyẹ́ èéfín náà ló ń lé kòkòrò. Wọ́n tẹ́ ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì tí àwọn obìnrin hun sílẹ̀, àwọn ihò kéékèèké sì wà lára ògiri tí wọ́n ń gbé fìtílà àti abọ́ sí. Àpáta nípọn débi pé òtútù òde kì í tètè wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ooru. Mọ́sáláṣí, ilé ìwẹ̀ àti hosseiniyeh, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ Imam Hussein lóṣù Muharram, gbogbo wọn ló wà nínú àpáta bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí ẹ̀ka Ṣíà ni wọ́n, bí ọ̀pọ̀ jù lọ ará Ìránì.

Ọdún mélòó ni abúlé náà ti wà?

Ẹ máa gbọ́ 2,000, ẹ máa gbọ́ 3,000, àwọn kan tiẹ̀ ń kéde 12,000. Ẹ fara balẹ̀ pẹ̀lú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ilé tí wọ́n gbẹ́ kò dà bí ilé tí wọ́n kọ́: kò sí bíríkì, kò sí igi àjà téèyàn lè gbé lọ yẹ̀ wò láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ìran tó bá dé tún lè gbẹ́ ti ìran àtijọ́ fẹ̀ sí i, kó sì pa ojú irin àkọ́kọ́ rẹ́. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, iyẹn dájú. Ẹwà rẹ̀ kò sì dúró lórí iye ọdún.

Èdè wo ni wọ́n ń sọ?

Èdè Páṣíà, tí àwọn fúnra wọn ń pè ní Farsi. Ẹ̀ka-èdè Meymand ṣì ní àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó ti kúrò lẹ́nu àwọn ará ìlú ńlá, nítorí abúlé náà jìnnà sí ojú títì. Ọmọ ìyá ni Farsi, Dari ti Afghanistan àti Tajik ti Tajikistan. Álífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ Farsi, wọ́n sì fi lẹ́tà mẹ́rin kún un, àmọ́ èdè Lárúbáwá kọ́ ni o. Méjèèjì kì í tiẹ̀ ṣe ẹbí.

Ohun kan wà nínú Farsi tó máa ń dùn mọ́ mi. “U” ni wọ́n ń lò fún ọkùnrin, òun náà ni wọ́n ń lò fún obìnrin, gẹ́gẹ́ bí “ó” tiwa. Wọ́n sì mọ ìyàtọ̀ láàárín “ìwọ” àti “ẹ̀yin”: “to” ni fún ọ̀rẹ́ àti ọmọdé, “shoma” fún àgbà àti àlejò, bí ẹni yẹn tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àgbà tí kò sí níbẹ̀, wọ́n lè pè é ní “ishan”, bí àwa ṣe ń sọ pé “bàbá ti jáde, wọ́n lọ sóko”.

Ṣé gbogbo abúlé Ìránì ló ń sọ èdè Páṣíà?

Rárá. Kandovan, tó tún ní ilé àpáta, èdè Túọ́kì ti Azerbaijan ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Masuleh ń sọ Talysh. Abyaneh, abúlé pupa tó wà nítòsí Natanz, ní èdè tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ibo ni wọ́n ti ń rí omi nínú ilẹ̀ gbígbẹ bẹ́ẹ̀?

Níbi gbogbo tí ẹ̀kán kan bá ti lè jáde: odò ìgbà-díẹ̀, ìsun, adágún abẹ́ ilẹ̀, àti qanat. Qanat ni ọgbọ́n ńlá àwọn ará Páṣíà. Wọ́n á gbẹ́ kànga jìn lẹ́sẹ̀ òkè títí wọ́n á fi kan omi, wọ́n á wá la ihò gbọọrọ lábẹ́ ilẹ̀ láti ibẹ̀ wá sí ibi tó rẹlẹ̀, kí ihò náà máa dà díẹ̀díẹ̀. Omi á máa fúnra rẹ̀ ṣàn wá, láìsí ẹ̀rọ, láìsí iná mànàmáná, oòrùn kò sì ní fà á gbẹ lójú ọ̀nà. Wọ́n tún máa ń gbẹ́ àwọn kànga mìíràn sójú ọ̀nà ihò náà, láti máa kó erùpẹ̀ jáde, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ sì máa rí atẹ́gùn mí. Ẹran, ọgbà àti ebè ẹ̀fọ́ ló ń mu omi náà, olúkúlùkù sì ní wákàtí tirẹ̀.

Kí ni UNESCO rí níbẹ̀?

Lọ́dún 2005, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, fún Meymand ní ẹ̀bùn Melina Mercouri, èyí tó wà fún bíbójútó ilẹ̀ àjogúnbá. Ọdún yẹn kan náà ni Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ ìwé Ogún Àgbáyé. Meymand wá wọ ìwé náà lọ́dún 2015, níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Bonn ní Jámánì. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé kì í ṣe ihò àpáta nìkan. Pápá, ọgbà, omi àti ọ̀nà tí ẹran ń gbà ni gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn, nítorí ilé àpáta láìsí agbo àgùntàn á di ihò lásán.

Ṣé Meymand mìíràn wà?

Ó wà. Ìlú kan ń jẹ́ Meymand ní ìpínlẹ̀ Fars, òdòdó róòsì àti omi róòsì ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Tí ẹ bá ń wá abúlé yìí, ẹ fi Kerman tàbí Shahr-e Babak kún un. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní Maymand. Ìkan náà ni.

Ṣé abúlé náà kò ní tú?

Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí. A ní irú rẹ̀ nílé: lọ́dún 1923 làwọn ará Ìdànrè sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wọn. Lónìí, ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè, àwọn èèyàn ń gòkè lọ wò ó, wọ́n sì ń gòkè lọ ṣọdún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń dáná alẹ́ níbẹ̀ mọ́. Owó àlejò lè tún ilẹ̀kùn ṣe, ó sì lè mú kí ọmọ kan padà wá ṣí ilé ìgbàlejò sínú kicheh bàbá rẹ̀. Kò lè da ẹran. Ọ̀dá àti koríko tó ń dín kù ló ń lé darandaran kúrò lórí iṣẹ́, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ìrànlọ́wọ́ kọ́kọ́ lọ, kó tó kan kíkùn ojú ilé.

Oṣù wo ni mo lè lọ tí mo bá fẹ́ bá onílé nílé?

Láti ìparí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì. Ẹ múra òtútù dáadáa. Aago wọn fi wákàtí méjì ààbọ̀ ṣíwájú ti Nàìjíríà, nítorí náà tó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa, aago méje ààbọ̀ alẹ́ ti lù ní Meymand, ẹran ti wọlé, wọ́n sì ti dáná sí àárín yàrá.